Oògùn Tí Ìyá Mi Bá Mi Lọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé "Ta ló ni ọmọ yìí?" wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ. Áfáà wa ní ilé kéwú nílùú Ìwó kì í fi ọjọ́ kan pa á jẹ. Bí wàláà mi bá já bọ́, tó là sí méjì, ta ló ni ọmọ yìí? Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ké Fátíhà lọ́wọ́, tí èmi ti wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń ka ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba, ta ló ni ọmọ yìí? Òdìkejì títì ni ìyá mi ti ń ránṣọ. Yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò jáde wá pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Èmi ni, Áfáà. Ẹ má bínú."

Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni: èmi-ni-ẹ-má-bínú. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìyá mi rí ojú ẹgba lẹ́sẹ̀ mi. Kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó fà mí lọ́wọ́, a sì lọ sílé. Bí mo ṣe fi kéwú sílẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ṣe wòlímọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìwó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Wòlímọ̀ ni ayẹyẹ tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá ka Kùránì parí, àwọn ìyá a sì máa fi ṣe fáàrí ju ọmọ náà lọ. Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, àwọn àna mi bi ìyá mi bóyá mo ti ṣe tèmi. Ó wo ilẹ̀. Èmi tí mo máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan, mi ò gbàgbé bó ṣe wo ilẹ̀ yẹn.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Uptown ní Chicago ni mò ń gbé, ní àjà kẹta, níbi tí rélùwéè ti ń mi fèrèsé mi jìgìjìgì láàárọ̀ bí ẹni tó wá jí mi. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó yà sílé. Ọmọ wa kan ṣoṣo wà ní yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa la máa ń fọ irinṣẹ́ tí àwọn dókítà fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tí a ó pa kòkòrò ara rẹ̀, tí a ó tò ó sínú àwo, tí a ó dì í. Ohun tó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé, kò sí nǹkan ìjìnlẹ̀ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di àwo tí mo gbàgbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní, "You work hard, but your mind is everywhere. Go and see somebody." Inú bí mi. Láti ibi iṣẹ́ dé ilé ni mò ń bú u nínú rélùwéè, nínú ọkàn mi, pẹ̀lú Yorùbá tó jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ rí dókítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè: ṣé mo máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí mi ò ní parí, ṣé ìdí mi kì í gbélẹ̀, ṣé bí èèyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀ ọkàn mi máa ń rìn lọ. Mo bú sẹ́kún. Ńṣe ló dà bíi pé òun àti Áfáà Ìwó ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní àìlèpọkànpọ̀ ni, àìsàn ni, ó ti wà lára mi láti kékeré, kì í ṣe ìwà pálapàla, kì í sì í ṣe orí burúkú.

Oògùn tó kọ fún mi jẹ́ kápúsù kan lójúmọ́, láàárọ̀. Inú rẹ̀ kún fún wóró kéékèèké tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Mi ò lè gbé kápúsù mì, láti kékeré ni. Yóò dúró sí mi lọ́fun bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ní fáámásì tí mo ti gbà á, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo kápúsù ni wọ́n ń ṣí o, ṣùgbọ́n èyí ṣe é ṣí. Kí n dà á sórí ṣíbí kan ápù tí wọ́n lọ̀, tó tutù, kí n gbé e mì lójú ẹsẹ̀, kí n má fi eyín rún un, kí n sì mu omi lé e. Bí mo bá gbàgbé títí di ọ̀sán, kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí n má mu méjì láé. Kí n tì í mọ́nú àpótí, kí n má sì fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tọrọ ẹyọ kan lẹ́yìn náà, kí ojú òun lè là fún double shift. Mo ní oògùn mi kì í ṣe gúgúrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ayọ̀ tó wọlé tọ̀ mí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dín dòdò láìjẹ́ pé ó jóná. Ọkọ mi pè mí láti ojú ọ̀nà, ó sọ ìtàn gígùn kan nípa táyà, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà níbẹ̀. Ẹnu yà á. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo wọ mọ́sáláṣí àwọn Yorùbá tó wà ládùúgbò lọ bá Áfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé, mo ní mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kéwú.

"Ọmọ yín ń kọ́?" ni Áfáà bi mí. "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Èmi ni, Áfáà."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó tẹ́ ẹní fún mi láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá. Àwọn ọmọ yẹn ò gbojú fo àṣìṣe kan. "Aunty, no, it's longer, you have to stretch it," ni wọ́n máa ń wí, pẹ̀lú ohùn Amẹ́ríkà wọn, èmi náà á sì fà á gùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mélòó kan, ó ku díẹ̀ kí n parí. Áfáà mú ọjọ́ wòlímọ̀ fún ọmọ méje àti èmi. Mo fóònù sí Ìwó. Ìyá mi gbọ́. Ó ní, "Èmi ń bọ̀." Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni.

Ó dé ní ìgbà tí òtútù ò tíì lọ tán, ó sì gba ilé mi láàárín ọjọ́ méjì. Mo fi bí mo ṣe ń lo oògùn hàn án, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ àpótí náà fún òun, òun ló máa rán mi létí. Mo kó o fún un. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, tí ìyá yín ò sí nítòsí fún ọdún púpọ̀, ẹ ó mọ bó ṣe ń dùn tó kí ẹnì kan gbé ṣíbí wá bá yín láàárọ̀ kó ní kí ẹ yanu. Mo di ọmọ ọwọ́ ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ní ọjọ́ kẹta, ó mú ápù náà jáde láti inú fíríìjì, ó fọwọ́ kàn án, ó kọ hàà. "Nǹkan tútù báyìí? Nínú òtútù Chicago yìí? Kí àyà ọmọ mi lè gba òtútù?" Ó po ògì gbígbóná, ó da oògùn sí i. Mo ní ògì náà ṣáà rọ̀, kò burú. Ọ̀rọ̀ pé kó tutù tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ fún mi ti fò lọ lórí mi. Ògì náà korò díẹ̀. Mo rò pé ó ti kan jù ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ìjì. Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ti fọ sítóòfù, mo ti to bàtà, mo ti tún un tò. Ẹnu mi ò dákẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, oúnjẹ ò wù mí, ọkàn mi ń lù kì-kì-kì bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lọ́sẹ̀ ọdún Iléyá. Mo ka Kùránì níwájú Áfáà lọ́jọ́ Sátidé, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ rọra, Ìyá. Wọn ò ní ti ilẹ̀kùn Àlùjánnà kí ẹ tó dé." Tó bá sì di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo jáde lọ wo lẹ́tà nísàlẹ̀, alámùúlégbè ló wá bá mi sọ pé òun ń gbóòórùn èéfín. Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. "Oògùn yìí ti wá ń ṣiṣẹ́ báyìí," ló máa ń wí láàárọ̀, tí ó bá ń wò mí bí mo ṣe ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ó bọ́ sí àkókò tí dókítà fẹ́ yẹ̀ mí wò. Àárọ̀ ni mo lọ. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. "Relax for me, okay?" Ó wọ̀n ọ́n nígbà kẹta. Dókítà wọlé, ó fi nǹkan sí mi láyà, ó gbọ́ ọ. Ó ní ìfúnpá mi ti ga jù, ọkàn mi sì ń sáré jù. Kí ló yí padà? Mo ní kò sí. Ó ní òun máa dá oògùn náà dúró láti òní, títí òun á fi mọ ohun tó fà á, ó sì ṣeé ṣe kí òun má dá a padà fún mi mọ́.

Wòlímọ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá ló kù fún mi láti kà, mo sì mọ ara mi. Láìsí oògùn yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ adìyẹ. Mo sunkún nínú rélùwéè láìtijú. Mo ronú nípa ìyá mi tó wo ilẹ̀ níwájú àwọn àna mi, tó wọ bàálù ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ nítorí pé mo sọ fún un pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí mo fi máa dé ilé, ẹkún ti di ìbínú, mo sì ti mọ ẹni tó jẹ̀bi: fáámásì ni. Wọ́n ti fún mi ní oògùn tó lágbára jù. Mo gbé ìgò oògùn. Ìyá mi wọ kóòtù. Kì í jẹ́ kí n dá nìkan lọ jà.

"Ẹ ti fún mi ní wrong dose!" ni mo fi wọlé, mi ò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. "Dókítà ti dá oògùn dúró, my heart is racing, wòlímọ̀ mi sì ku ọ̀sẹ̀ méjì!"

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà kọ́kọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló gba ìgò, ó wo kọ̀ǹpútà. "Aunty, same strength, same everything. Nothing changed from our side. Báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni. A máa ń ṣí i, a ó dà á sórí..." Ìgbà wo ni mo ti rí ápù kẹ́yìn?

"Sínú ògì ni," ni ìyá mi dá a lóhùn láti orí àga, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ ti kan òun. "Ògì gbígbóná. Èmi ni mò ń pò ó fún un. Ẹ má dààmú, mo máa ń kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ ni. Mo máa ń fi ṣíbí méjì tẹ̀ ẹ́, á kúnná lẹ́búlẹ́bú, kò sì ní há a léyín." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe é, kí a lè rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbé ìgò sílẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé wọn ò kọ́ ọ níléèwé bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àgbà. Ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó wá lọ́ṣọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá mi.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú Aunty. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. But ẹ jọ̀ọ́ Mà, oògùn yìí, a kì í lọ̀ ọ́. Àwọn wóró yẹn, wọ́n fi nǹkan bò wọ́n lára ni. Some are for morning, some are for later, kó lè máa wọ ara díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí BP ẹ̀ fi ga. And by afternoon, kò sí nǹkan kan mọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ gbóná, Mà. Ooru lè ba nǹkan tí wọ́n fi bò ó jẹ́."

Ìyá mi rò ó. "Ó wá dà bíi kí èèyàn kó oúnjẹ sààrì àti oúnjẹ ìṣínu jẹ pọ̀ láàárọ̀ kùtù."

"Exactly, Mà!" Àgbélébùú wà lọ́rùn obìnrin náà, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ yé e dáadáa.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo fi agbára mú un."

Obìnrin náà pe dókítà níṣojú wa. Dókítà ní kí n sinmi oògùn fún ọjọ́ mẹ́rin, kí n máa wọn ìfúnpá mi nílé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n sì padà wá. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, mo yíjú sí ìyá mi, mo ní, "Màámi, ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rí i mú. Bọ́ọ̀sì náà kún, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí bíi pé gbogbo wọn ló gbọ́. Ìyá mi ò jẹun nígbà tí a délé. Ó kó kọ́kọ́rọ́ àpótí lé mi lọ́wọ́, ó wọ yàrá.

Mo lọ kúnlẹ̀ tì í. Mo ní kó má bínú, ìwà mi ò dáa. Ó ní kò sí ìbínú. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ibà dá mi dùbúlẹ̀, gbogbo oògùn tí nọ́ọ̀sì fún mi ni mo ń bì jáde. Wọ́n ti sọ̀rètí nù. Òun ló mú ṣíbí méjì, ó lọ̀ ọ́ lẹ́búlẹ́bú, ó fi oyin pò ó, ó ń tọ́ ọ sí mi lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. "O ò bì í," ló wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ oògùn fún ọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe èyí tí a kì í lọ̀." Mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, a jọ sunkún, lẹ́yìn náà a jọ rẹ́rìn-ín, nítorí ó rántí pé mo bu oyin yẹn jẹ tán lọ́jọ́ kejì nígbà tí ara mi yá.

Ọjọ́ mẹ́rin yẹn le. Mo máa jókòó ti Kùránì, ọkàn mi á ti dé orí òrùlé. Ìyá mi á jókòó tì mí, á gbé ìka rẹ̀ sórí ìlà, á ní, "Ibí la wà." Bí mo bá sálọ, á tún ní, "Ibí la wà." Kò pariwo rí. Ojú ìwé méjì la rí kà ní ọjọ́ mẹ́rin, inú mi sì dùn sí méjèèjì. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ìfúnpá mi ti wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣíbí, ó dá oògùn mi padà, ó ní kí n máa wọn ìfúnpá náà lọ, kí n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ gbì-gbì-gbì nínú ilé ìdáná. Mo sáré lọ. Ápù ni ìyá mi ń gún. Ó ti rà á, ó ti bó o, ó ti sè é lálẹ́ àná, ó ti tutù nínú fíríìjì. "Ohun tí wọ́n ń tà nínú ike yẹn, ṣúgà ti pọ̀ jù níbẹ̀," ló wí, kò wo ojú mi. "Mo ṣáà gbọ́dọ̀ lọ nǹkan." Mo ṣí kápúsù fúnra mi, mo dà á sórí ṣíbí kan. Àwọn wóró náà jókòó sórí rẹ̀ lódidi. Ìyá mi wò mí títí mo fi gbé e mì. "Má rún un o," ló wí, ó sì ń wí i láràárọ̀ títí di ọjọ́ wòlímọ̀.

Ọjọ́ náà pé. A jókòó sórí ẹní ní iwájú mọ́sáláṣí, ọmọ méje àti èmi, gbogbo wa wọ funfun, èmi ni mo ga jù. A ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti kà á tán, Áfáà á béèrè ẹni tó ni ín, àwọn òbí rẹ̀ á dìde, wọ́n á wá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè jọ gba àdúà. Púpọ̀ nínú àwọn òbí náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó kàn mí. Mo rọra kà á, mo fà á gùn níbi tó yẹ kí n ti fà á gùn, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń mi orí pé ó dáa. Ọkàn mi ò rìn lọ síbì kankan. Mo dé ìparí, mo dákẹ́.

Áfáà wo àwọn èrò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ni ọmọ yìí?"

Ara mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Mo tẹrí ba. Lẹ́yìn, láàárín àwọn obìnrin, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, tí orúnkún rẹ̀ ń dún. Ìyá mi rìn wá síwájú láàárín gbogbo wọn, kò kánjú, kò kúnlẹ̀, kò wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ni ín."

Mo dúró kí n gbọ́ ìyókù. Kò fi nǹkan kan kún un.